Jacob Bernoulli, Ẹni Tí Ó Wá Ìdí Èlé Orí Èlé

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ohun tí ń jẹ́ owó sogúndogójì: ẹni tí ó yá ogún, ogójì ni yóò san. Àwọn baba wa mọ ìnira tí ń bẹ nínú irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kì í sábà wá sí ọkàn ẹni tí ń yá owó: ìgbà mélòó láàárín ọdún ni a ó máa fi èlé kún ojú owó? Ìtàn ọkùnrin tí ó wá ìdí ìbéèrè yìí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́.

Ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland, ni a bí Jacob Bernoulli ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1655. Oníṣòwò ni àwọn ará ilé rẹ̀. Inúnibíni ẹ̀sìn ni ó lé àwọn baba ńlá rẹ̀ kúrò ní ìlú Antwerp. Baba rẹ̀ pinnu pé iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ni ọmọ òun yóò ṣe. Jacob kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó sì gba oyè nínú rẹ̀ ní ọdún 1676, ṣùgbọ́n ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni ó ń kọ́ fúnra rẹ̀, bí baba rẹ̀ tilẹ̀ kọ̀ fún un. Ó lọ ṣe olùkọ́ ní Geneva, níbi tí ó ti kọ́ ọmọbìnrin afọ́jú kan bí a ti í kọ̀wé. Ó rìn dé ilẹ̀ Faransé, Netherlands àti England. Nígbà tí ó padà sílé, ó kọ ipò tí ìjọ fi lọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Yunifásítì Basel ní ọdún 1683. Ní ọdún 1687 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò níbẹ̀, ipò tí ó wà títí ó fi kú.

Ní ọdún 1690 ni ó gbé ọ̀rọ̀ èlé jáde nínú Acta Eruditorum, ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí a ń tẹ̀ ní Leipzig. Ẹ jẹ́ kí a fi sogúndogójì ṣe àpẹẹrẹ. A yá ₦20,000, èlé rẹ̀ sì jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Bí a bá ka èlé lẹ́ẹ̀kan ní òpin ọdún, gbèsè di ₦40,000. Bí a bá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ₦20,000 di ₦30,000 ní oṣù mẹ́fà, ₦30,000 a sì di ₦45,000. Bí a bá kà á lóṣooṣù, ó di ₦52,261. Bí ó bá jẹ́ lójoojúmọ́, ₦54,291. Orúkọ èlé kò yí padà, síbẹ̀ èyí tí a pè ní 100 ti di 161 lọ́wọ́ ẹni tí ń kà á lóṣooṣù.

Ǹjẹ́ bí a bá wá ń kà á ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, gbèsè yóò ha di aláìlópin bí? Bernoulli fi hàn pé rárá: kò ní tó ìlọ́po mẹ́ta ojú owó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ju ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ. Euler, ọmọ ilẹ̀ Basel tí àbúrò Bernoulli kọ́, ni ó wá fún iye náà ní orúkọ e: 2.71828. Nítorí náà ₦20,000 wa kò lè kọjá ₦54,366.

A lè yí ìṣirò yìí padà. Bí a bá ṣèlérí ₦40,000 fún ọ ní ìwòyí àmọ́dún, tí èlé sì jẹ́ ọ̀kan náà, ₦20,000 ni ó tó lónìí bí a bá ka èlé lẹ́ẹ̀kan. ₦15,308 péré ni bí a bá kà á lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nígbà tí Nàìjíríà bá àwọn orílẹ̀-èdè olówó inú Paris Club ṣe àdéhùn ní ọdún 2005, gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa lọ́dọ̀ wọn tó nǹkan bí bílíọ̀nù 30 dọ́là, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ èlé tí a kò san àti owó ìtanràn tí ó gun orí rẹ̀. Bákan náà ni ó rí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ Yorùbá tí ń ṣòwò ní àdúgbò Dar es Salam ní Niamey bá yá owó ní èlé 2 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, yóò rò pé 24 ni lọ́dún. Bí èlé bá ń gun èlé, 26.8 ni. Òfin àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ń ná sẹfa pa á láṣẹ pé kí a kọ èlé náà pẹ̀lú gbogbo ìnáwó rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n òfin kò lè gba ẹni tí kò mọ ohun tí iye náà túmọ̀ sí.

Bernoulli kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 1705, ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ti fẹ́ kí a fín ìlà kan sí òkúta ibojì òun, ìlà tí ń yí po bí ìkarahun ìgbín, tí àlàfo rẹ̀ ń fẹ̀ sí i ní yíyí kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí èlé orí èlé. Agbẹ́kùúta ṣì í, ó fín èyí tí àlàfo rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí èlé tí kì í gun ara rẹ̀. Òkúta náà ṣì wà ní Basel. Àṣìṣe agbẹ́kùúta kò pa ẹnikẹ́ni lára. Irú àṣìṣe kan náà níwájú olówó èlé a máa gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti máa bi ìbéèrè méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé gbèsè: èló ni èlé, àti ìgbà mélòó lọ́dún ni a ó fi kún ojú owó?