Ìgbésí-Ayé John Logie Baird àti Ọ̀rọ̀ Ìmọ́lẹ̀ nínú Iṣẹ́ Amóhùnmáwòrán

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ ya eré fún amóhùnmáwòrán, ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ni ó máa ń kọ́kọ́ gbà wọ́n lọ́kàn. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ń béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ kámẹ́rà. Ìtàn ìgbésí-ayé John Logie Baird fi èyí hàn gbangba.

Ọjọ́ 13, oṣù Kẹjọ, ọdún 1888 ni a bí Baird ní ìlú Helensburgh, ní ilẹ̀ Scotland. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni bàbá rẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ní Glasgow, ṣùgbọ́n àìsàn kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ láti kékeré. Èyí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà á sí iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ta ìbọ̀sẹ̀, ó ta ọṣẹ, ó tilẹ̀ lọ ṣe jáàmù ní Trinidad, ṣùgbọ́n àìlera kò jẹ́ kí ó lè dúró ti ọ̀kankan.

Ní 1923, ó kó lọ sí Hastings létí òkun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlòkù ohun èèlò kan ẹ̀rọ pọ̀. Àwo rìbìtì tí a lu ihò sí lára ni gbòǹgbò ẹ̀rọ náà. Bí àwo náà ti ń yí, ìmọ́lẹ̀ ń gba ihò kọ̀ọ̀kan kọjá, ó sì ń bọ́ sórí ohun èèlò tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di agbára mànàmáná. Ohun èèlò yìí kò ríran tó. Nítorí náà, iná tí a óò tàn sójú ènìyàn ní láti pọ̀ débi pé ooru rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é fara dà. Ìdí nìyí tí Baird fi ń lo orí ọmọlangidi kan tí ó ń jẹ́ Stooky Bill.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹwàá, 1925, ní yàrá òkè ilé kan ní Soho, ní Lọ́ńdọ̀nù, orí ọmọlangidi náà hàn dáadáa. Baird sáré lọ pe William Taynton, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìsàlẹ̀, ó sì mú un jókòó síwájú iná. Nígbà tí ó padà sídìí ẹ̀rọ, kò rí nǹkan kan: ooru ti lé ọmọ náà sẹ́yìn. Owó díẹ̀ ni ó fi tù ú nínú kí ó tó gbà láti padà síbẹ̀, ojú rẹ̀ sì hàn.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Kìíní, 1926, ó fi iṣẹ́ náà han nǹkan bí 40 ọmọ ẹgbẹ́ Royal Institution. Ní ọdún yìí kan náà ni ó yí ọgbọ́n padà: dípò kí ó da iná bo òṣèré, ó gbé iná sẹ́yìn àwo, kí ìtànṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa sáré kọjá lójú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ooru dínkù, ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn dé. Inú òkùnkùn ni òṣèré wà, kò lè rìn káàkiri, a sì ní láti fi ọ̀dà ya ojú àti ètè rẹ̀ kí wọ́n lè hàn nínú àwòrán onílà 30.

Ìṣòro yìí ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ BBC dán ẹ̀rọ Baird àti ti Marconi-EMI wò ní Alexandra Palace. Kámẹ́rà EMI kò nílò òkùnkùn, ó sì ṣe é gbé kiri. Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún náà, iná jó Crystal Palace, ó sì run púpọ̀ nínú ohun èèlò Baird. Ní 1937, BBC pa ẹ̀rọ rẹ̀ tì. Síbẹ̀, kò káwọ́ gbera. Ó ń ṣe ìwádìí lórí amóhùnmáwòrán aláwọ̀ títí ó fi kú ní Bexhill ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, 1946.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, 1959, kò sí àwo oníhò Baird níbẹ̀ mọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni ó ṣẹ́ kù: báwo ni a ó ṣe tan ìmọ́lẹ̀ tí ó tó, tí kò sì ní ni òṣèré lára? Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ya àwòrán, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ dúró níbi tí òṣèré yóò dúró sí, kí iná náà tàn sí òun gan-an lójú.