Paulin Soumanou Vieyra (1925–1987): Ọmọ Àjàṣẹ́ Tó Kọ Ìtàn Sinimá Áfíríkà

Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1925 ni wọ́n bí Paulin Soumanou Vieyra ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo. Abẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé ni ìlú náà wà nígbà náà, ní ilẹ̀ Dàhòmì tó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lóde òní. Orúkọ ọmọ yìí nìkan tó ìtàn ìlú tó ti wá. Vieyra jẹ́ orúkọ Potogí, irú èyí tí àwọn ìdílé Àgùdà tó ti Bràsíl padà wá sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ́. Soumanou ni Sùmọ́nù tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń sọ ọmọ wọn láti Ìlọrin títí dé Èkó, bí àwọn Faransé ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Paulin ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọn aláṣẹ.

Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 10 ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ sì ni Ogun Àgbáyé Kejì bá a. Ọmọ tó bá kúrò nílé ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ kì í lè kó ohun púpọ̀ dání nínú ìrántí rẹ̀, àwọn ará Yúróòpù sì ti ní àwòrán tí wọn yóò fi dípò èyí tó bá gbàgbé. Sáà Tarzan ni sáà náà, sáà tí fíìmù Gẹ̀ẹ́sì bíi Sanders of the River ti ọdún 1935 ń fi han ayé pé aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo ló lè pa ìlú aláwọ̀ dúdú mọ́ kúrò nínú ogun. Lójú sinimá ìgbà náà, Áfíríkà ni igbó, ìlù òru àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Nínú ìwé tí Vieyra kọ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kò sí ẹ̀sùn tó tún padà sí léraléra bí èyí.

Síbẹ̀, kò torí bẹ́ẹ̀ kórìíra sinimá. Ó fara hàn lẹ́ẹ̀rẹ̀kan láàárín àwọn èrò inú fíìmù Le Diable au corps, èyí tí Claude Autant-Lara gbé jáde ní 1947. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ó wọ IDHEC, ilé-ẹ̀kọ́ gíga sinimá tí Marcel L'Herbier dá sílẹ̀ ní Paris nígbà ogun. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ láti gúúsù Sàhárà tó gboyè jáde níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ kámẹ́rà, ohùn, gígé àwòrán àti síso wọ́n pọ̀ nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ní irú ibẹ̀. Ó ní láti mọ ohun tí àwọn ará Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, Jámánì, Ítálì àti Jàpáànù ti ṣe, kí ó lè mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Paris ìgbà náà sì ni ibi tí ó rọrùn jù lọ láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí Cinémathèque tí Henri Langlois àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1936 ń fi fíìmù àtijọ́ láti ilẹ̀ gbogbo han àwọn ọ̀dọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ló jẹ́ kí Vieyra máa fi ojú ẹni tó mọ sinimá ayé wo ti Áfíríkà. Nígbà tí àwọn mìíràn ń yin fíìmù nítorí pé ọmọ Áfíríkà ló ṣe é, òun a máa béèrè bóyá ó dára.

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù kékeré kan, C'était il y a quatre ans, ní 1954. Ohun tó kàn ni kí ó padà sílé lọ ya àwòrán àwọn ènìyàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni òfin ti dá a dúró.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1934 ni Pierre Laval, tó jẹ́ mínísítà fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso Faransé, gbé àṣẹ kan jáde tí orúkọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ títí di òní. Gẹ́gẹ́ bí àṣẹ náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ náà ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda ìjọba. Ìjọba yóò ka ìtàn tó fẹ́ sọ, yóò sì wádìí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Àwọn Faransé fúnra wọn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí René Vautier ya Afrique 50, tó fi ìwà ìkà àwọn amúnisìn hàn, wọ́n gba púpọ̀ nínú àwòrán rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Les statues meurent aussi, tí Alain Resnais àti Chris Marker ṣe ní 1953 lórí iṣẹ́ ọnà Áfíríkà, kò rí ojú ayé ní odindi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí èyí bá lè bá ọmọ onílé, kí ni àlejò yóò rí gbà? Vieyra bẹ̀bẹ̀ fún ìyọ̀ǹda láti ya fíìmù ní Áfíríkà, wọn kò fún un.

Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Groupe africain de cinéma, wá dá ọgbọ́n mìíràn. Bí wọn kò bá lè lọ sí Áfíríkà, Áfíríkà tó wà ní Paris kò nílò ìyọ̀ǹda mínísítà. Ìgbìmọ̀ fíìmù ìmọ̀ ẹ̀yà ènìyàn tó wà ní Musée de l'Homme ràn wọ́n lọ́wọ́, Afrique-sur-Seine sì jáde ní 1955. Kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Àwọn ọmọdékùnrin tó ń ṣeré nínú odò ní Áfíríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lójijì, odò náà di Seine, ọmọ odò sì di akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rìn ní òpópónà Paris nínú kóòtù. Àwọn òṣèré kò sọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ohùn asọ̀tàn nìkan là ń gbọ́ lórí àwòrán. Àwọn kan wà tó ń jẹun ní ilé kọfí, àwọn kan ń fẹ́ra, ọ̀kan ń gbálẹ̀, òmíràn ń tọrọ owó. Ìbéèrè tó gba fíìmù náà kan ni ibi tí Áfíríkà wà gan-an: ṣé ní Áfíríkà ni, tàbí ní ẹ̀bá Seine?

Ọ̀pọ̀ ìwé ló pe Afrique-sur-Seine ní fíìmù àkọ́kọ́ tí ọmọ Áfíríkà ṣe. Ó yẹ kí ònkàwé ṣọ́ra níbí. Albert Samama Chikly ti ṣe fíìmù ní Tùnísíà ní 1922, Mamadou Touré ọmọ Gínì sì ti ṣe Mouramani ní 1953. Ohun tó tọ́ sí Vieyra kò gbára lé ipò kìn-ín-ní, nítorí kò sí ẹni tó ṣe fíìmù ṣáájú rẹ̀ ní gúúsù Sàhárà tó dúró ti iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún bí tirẹ̀.

Lọ́dún 1957 ó wà ní Mósíkò, níbi àjọ̀dún àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé, ó sì ya fíìmù L'Afrique à Moscou. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Dakar, ìlú tó fi ṣe ilé títí dé òpin. Ní 1961 ó gbé Myriam Warner níyàwó, ọmọ Guadeloupe tó ń ṣiṣẹ́ ilé-ìkàwé, tó sì di gbajúgbajà òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ lẹ́yìn náà pẹ̀lú Juletane ní 1982.

Sẹ̀nẹ̀gà gba òmìnira ní 1960. Ìjọba tuntun fi Vieyra ṣe olórí iṣẹ́ fíìmù ìròyìn, èyí tí wọ́n ń fi han èrò ní gbọ̀ngàn sinimá kí fíìmù gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Une nation est née, tó ṣe ní 1961, ṣe àjọyọ̀ ìbí orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tí òfin amúnisìn ti dá lọ́wọ́ kọ́ wá di òṣìṣẹ́ ìjọba, tó ń bójú tó àwòrán ààrẹ àti àlejò ààrẹ. Àwọn kan lè rí èyí bí àbùkù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kámẹ́rà wà, ibẹ̀ ni fíìmù àti ẹ̀rọ ìgbohùn wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ti ń rí ohun èlò. Láàárín iṣẹ́ yìí ló rí àyè ṣe àwọn fíìmù kúkúrú rẹ̀: Lamb ní 1963, lórí ìjàkadì àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, N'Diongane ní 1965, láti inú ìtàn Birago Diop, àti Môl ní 1966, ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja kan tó ń wá owó ẹ́ńjìnnì tí yóò fi sí ọkọ̀ rẹ̀. Nínú wọn, Lamb ló dára jù. Kámẹ́rà kò wo àwọn oníjàkadì bí àlejò ti ń wo ohun àjèjì. Ó wò wọ́n bí ará ìlú tó mọ ẹni tó yẹ kó ṣubú.

Ousmane Sembène ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára Vieyra. Sembène, tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ èbúté ní Marseille àti òǹkọ̀wé kó tó lọ kọ́ sinimá ní Mósíkò, kò ní sùúrù fún ìwé owó àti ètò. Vieyra ní in. Òun ló bójú tó ètò iṣẹ́ fún Xala ní 1975 àti Ceddo ní 1977, lára àwọn mìíràn. Ní 1972 ó ti kọ odindi ìwé kan lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí; nígbà tí wọ́n ń ya Ceddo, ó tún gbé kámẹ́rà tirẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tó di L'Envers du décor ní 1981. Ìjọba Senghor fi òfin de Ceddo, wọ́n ní lẹ́tà d kan ṣoṣo ló yẹ nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí fíìmù náà sọ nípa bí àwọn aláṣẹ ẹ̀sìn ṣe gba ìlú yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá lẹ́tà.

Ìwé ni Vieyra fi ṣe iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Láti ìgbà tó wà ní Paris ló ti ń kọ̀wé sínú Présence Africaine, ìwé ìròyìn tí Alioune Diop dá sílẹ̀ ní 1947. Le Cinéma et l'Afrique jáde ní 1969. Ní 1975 ni Le Cinéma africain: des origines à 1973 tẹ̀ lé e, ìwé tó tò sinimá Áfíríkà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, títí kan Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn onísinimá Áfíríkà, FEPACI, sílẹ̀, ó sì wà ní Ouagadougou láti ìbẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún tó di FESPACO, ní 1969.

Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ní àwọn ọdún náà ni ọjà. Ilé-iṣẹ́ Faransé méjì, COMACICO àti SECMA, ló ń pinnu ohun tí gbọ̀ngàn sinimá yóò fi hàn ní àwọn ilẹ̀ tó ń sọ Faransé. Fíìmù Amẹ́ríkà, Íńdíà àti Faransé tí wọ́n ti jèrè lórí rẹ̀ níbòmíràn wọlé ní owó pọ́ọ́kú, ti ọmọ Áfíríkà kò sì rí ibi gbà. Vieyra kò fẹ́ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ sinimá àgbáyé tó ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni kí ìjọba dá sí ọ̀rọ̀ náà, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì máa padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù nílé.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà mìíràn ni ọjà gbà là. Ola Balogun, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Aba tó sì kàwé ní IDHEC bíi Vieyra, ṣe Amadi ní èdè Ìgbò ní 1975 àti Ajani Ogun ní èdè Yorùbá ní 1976. Lẹ́yìn èyí ni owó náírà wó, tí fíìmù gidi di ohun àwọn olówó. Àwọn oníṣòwò Onitsha àti Ìdúmọ̀tà ló gbà á là, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Onitsha kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta ìtàn: láti àwọn ọdún 1940 títí dé àwọn ọdún 1960 ni ọjà rẹ̀ ti ń ta ìwé pẹlẹbẹ olówó kékeré, tí àwọn olùṣèwádìí rí àmì sinimá Amẹ́ríkà àti Íńdíà nínú ìtàn ìfẹ́ inú wọn. Nígbà tí Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò ní 1992, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí mínísítà, kò sí ilé-iṣẹ́ Faransé láàárín ẹni tó ṣe fíìmù àti ẹni tó rà á. Vieyra kò rí i. Bóyá ì bá yọ̀ sí ọjà náà, kó sì bínú sí àwòrán rẹ̀.

Fíìmù gígùn kan ṣoṣo ló ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀, En résidence surveillée, lórí ọ̀rọ̀ agbára ìjọba ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan. Ọdún 1981 ló jáde, nígbà tí Vieyra ti di ẹni ọdún 56. Àwọn tó ti ràn lọ́wọ́ ti ṣe ju ìyẹn lọ nígbà náà. Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1987 ló kú ní Paris, ìlú tí wọn kò ti gbà kí ó lọ ya fíìmù nílé. Réflexions d'un cinéaste africain jáde ní 1990, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn ìwé àti àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ wà ní ibi ìpamọ́ fíìmù àwọn aláwọ̀ dúdú ní Yunifásítì Indiana, ní Amẹ́ríkà.