Táí Ṣólàrín: Ọ̀gá Ilé-Ìwé Tí Kò Lè Darí Àdúrà

Ẹni tó bá ti lọ ṣe T.P. rí nínú wa, tàbí tó ti ṣe àgùnbánirọ̀, yóò mọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí níbi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì, orin ti gòkè, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé sì ti ń ṣe àmín. Ẹni tí kò bá gba Ọlọ́run gbọ́ níbẹ̀, ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí. Yóò dijú bí àwọn yòókù ti dijú, àdúrà yóò parí, kálukú yóò sì gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá jẹ́ ọ̀gá ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òun gan-an ni gbogbo ojú ń wò pé kó dá orin, kó sì gba àdúrà? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Táí Ṣólàrín ní Ìjẹ̀bú-Igbó nìyẹn ní ohun tó lé ní 70 ọdún sẹ́yìn. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ ká tún ìtàn ọkùnrin náà gbé yẹ̀ wò.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́

Ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní Ìkẹ́nnẹ́, nílẹ̀ Rẹ́mọ. Ìbejì ni wọ́n bí i. Òun ló kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò, ni wọ́n ṣe ń pè é ní Táíwò, tó wá di Táí lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ó tún ní orúkọ òyìnbó, Augustus. Wesley College ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ló ti kọ́ iṣẹ́ tíṣà. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọkùnrin yìí kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì. Inú rẹ̀ ló dàgbà sí.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́ ọ̀nà fún bàálù. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí yunifásítì Manchester. Ní ọdún 1951, ó gbé Sheila, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níyàwó. Ọdún kejì ni wọ́n wálé. Ọkùnrin tó padà dé yìí kì í ṣe onígbàgbọ́ mọ́, kò sì fi bò.

Mọlúsì

Ní ọdún 1952 yìí kan náà, àyè ọ̀gá àgbà ṣí sílẹ̀ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. S. O. Awókọ́yà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, òun náà ló sì wá ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ṣólàrín ni wọ́n gbé sí ipò rẹ̀.

Níbí ni ọ̀ràn ti di ọ̀ràn. Nílé-ìwé ayé ìgbà náà, ọ̀gá ló ń ṣíwájú ìsìn àárọ̀. Ṣólàrín ì bá dá orin tí kò gbà gbọ́, kó sì máa gba owó oṣù rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì lè bẹ igbákejì rẹ̀ kó máa bá a darí rẹ̀. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ńṣe ló fòpin sí orin ìsìn àti àdúrà, tó sì yọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ ọmọ àti ọpọlọ ọmọ ló yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé.

Àwọn ará ìlú kò gbà fún un. Ẹ jẹ́ ká má fi wọ́n pe aláìmọ̀kan. Ìlú ló ni ilé-ìwé náà, ọmọ wọn ló sì wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ wá ń mú ohun tí wọ́n kà sí ìpìlẹ̀ kúrò láì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mò ń kọ èyí gbà pé ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n fipá mú òun gbàdúrà ló mú un kúrò lẹ́nu àwọn tó fẹ́ ẹ.

Àmọ́ ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí kò ti sí àjọgbọ́ mọ́, kò yí ohùn padà kó lè dáàbò bo ipò rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ní ìyàwó fi ipò ọ̀gá àgbà sílẹ̀ lásìkò tí irú ipò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún ọmọ adúláwọ̀.

Mayflower

Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 1956, òun àti Sheila dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn kan kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ló fún un lórúkọ. Olùfọkànsìn paraku ni ọ̀pọ̀ àwọn wọ̀nyẹn. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n ti lè sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n. Ṣólàrín mú òmìnira tí wọ́n ń wá, ó fi ìsìn sílẹ̀ fún wọn.

Ní Mayflower, kò sí ìsìn àárọ̀. Àwọn ọmọ ń roko, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Síbẹ̀, àwọn òbí Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí ń kó ọmọ wá. Ọ̀rọ̀ wá yí padà: àwọn ọmọ onígbàgbọ́ ló wá wà lábẹ́ aláìgbàgbọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó mú ọmọ wá síbẹ̀ ti mọ irú ilé tó jẹ́ kó tó wọlé.

Kò dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ ọdún tuntun 1964, nígbà tí kálukú ń gbàdúrà kí ọ̀nà là, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn Daily Times pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí gbágungbàgun, nítorí pé ìṣòro ló ń sọ èèyàn di èèyàn. Ní 1984, ìjọba ológun tì í mọ́lé nítorí pé ó ní kí wọ́n gbé ìjọba padà fún alágbádá. Ó lé lọ́dún kan tó fi wà níbẹ̀. Ní 1989, ó di alága People's Bank, tó ń yá àwọn mẹ̀kúnnù lówó. Ó kú ní 1994.

Ohun tó kù fún wa

Láìpẹ́, a ó gboyè jáde, a ó sì wọ ibi iṣẹ́ tí ìgbàgbọ́ wọn lè máà bá tiwa mu. Onígbàgbọ́ lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tí kò gbàdúrà, Mùsùlùmí lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn Kìrìsìtẹ́nì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, oúnjẹ ni iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lẹ́yìn lónìí lè di ẹni tó wà níwájú lọ́la. Ó yẹ ká ti mọ ohun tí a máa ṣe nígbà tí gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ wa, ká sì ti mọ ohun tó jẹ́ tiwa àti èyí tó jẹ́ ti onílé.