BOBBY MOORE, BALÓGUN IKỌ̀ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Nínú eré bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, orúkọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ni àwọn òǹwòran sábà máa ń pariwo. Ẹni tí ó dúró ní ẹ̀yìn, tí ó ń dènà kí bọ́ọ̀lù má baà wọlé, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyìn gbà. Ọjọ́ tí ó bá ṣe àṣìṣe ni gbogbo ènìyàn tó máa ń rántí rẹ̀. Síbẹ̀, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù iwájú lọ. Bobby Moore ni orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti kú, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò parun.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1941 ni a bí i ní Barking, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò náà. Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe olówó, òun nìkan ṣoṣo sì ni ọmọ tí wọ́n bí. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bí a bá wo ìrísí rẹ̀, kò jọ ẹni tí yóò di ńlá nídìí eré náà. Kò yára lẹ́sẹ̀, kò lè fò sókè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bí a ti ń fi orí kan bọ́ọ̀lù dáadáa.

Ní ọdún 1956, ó wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù West Ham United. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Malcolm Allison, àgbà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan tí ó mú un bí àbúrò. Allison kọ́ ọ pé kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ó ti mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Moore lára. Nítorí pé kò lè sáré ju àwọn ẹlòmíràn lọ, ó kọ́ bí a ti ń ro ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, yóò sì ti dúró síbẹ̀ kí ọ̀tá tó dé. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ọgbọ́n ju agbára lọ.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 ni ó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù fún àgbà ikọ̀ West Ham, nígbà tí wọ́n borí Manchester United pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí méjì. Ayọ̀ ọjọ́ náà ní ìbànújẹ́ nínú. Àìsàn ikọ́ ife ti kọlu Allison, àwọn dókítà sì ti gé ọ̀kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Òun náà ń retí pé wọn yóò mú òun ní ọjọ́ yìí kan náà. Moore ni wọ́n mú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gba ipò olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn, Moore kò sì gbàgbé oore ọkùnrin náà.

Ní ọdún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó di ọdún 1963, a fi í ṣe balógun ikọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ ọdún 22 péré sì ni. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ó mọ̀ pé ojú gbogbo ènìyàn wà lára òun. Kì í bá rẹfirí jà, kì í bínú lórí pápá, aṣọ rẹ̀ a sì máa mọ́ tónítóní.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1964, òun ni ó ṣáájú West Ham gba ife ẹ̀yẹ FA Cup. Kò pẹ́ lẹ́yìn ayọ̀ yìí tí àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹpọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù Kọkànlá ọdún náà. Àárẹ̀ bá a gan-an, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ayé gbọ́. Kí ọdún kejì tó dé ìdajì, ó ti padà sórí pápá, ó sì ti gba ife ẹ̀yẹ kan ti ilẹ̀ Yúróòpù fún West Ham.

Ọjọ́ tí ó ga jù nínú ayé rẹ̀ ni ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1966, ní pápá Wembley, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pàdé Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn láti du Ife Àgbáyé. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Láìpẹ́, Moore gbé bọ́ọ̀lù sókè fún Geoff Hurst, ẹni náà sì fi orí kàn án wọlé. Nígbà tí àkókò àfikún fẹ́ parí, tí wọ́n ti ní góòlù mẹ́ta sí méjì, ẹlòmíràn ìbá ti gbá bọ́ọ̀lù náà síta láti fi gba ara rẹ̀ là. Moore kò kánjú. Ó gbé ojú sókè, ó rí Hurst ní iwájú, ó sì gbé bọ́ọ̀lù gígùn kan fún un. Góòlù kẹrin nìyẹn. Bí ó ti ń lọ gba ife náà lọ́wọ́ Ọbabìnrin Elizabeth, ó rí i pé ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yára nu ẹrẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ nù kí ó tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìdánwò kò lè bá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1970, bí wọ́n ti ń lọ sí Mẹ́síkò fún Ife Àgbáyé, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án ní Bogotá, ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, pé ó jí ẹ̀gbà ọwọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. A kò rí ẹ̀rí kankan, ẹjọ́ náà sì kú níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n pàdé Brazil ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, góòlù kan sí òdo ni Brazil fi borí, ṣùgbọ́n Moore gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Lẹ́yìn eré náà, òun àti Pelé pàrọ̀ aṣọ, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn.

Ìgbà 108 ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1973. Nínú 90 nínú rẹ̀, òun ni balógun. Ní ọdún 1974, ó lọ sí Fulham, lẹ́yìn èyí ni ó gbá bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò rí ipò ńlá kankan di mú. Oxford City àti Southend United, tí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá, ni ó jẹ́ olùdarí fún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó yá, ó ń sọ àsọyé bọ́ọ̀lù lórí rédíò.

Ní ọdún 1991, àrùn jẹjẹrẹ tún wọlé, ó mú un ní ìfun. Ní oṣù Kejì ọdún 1993 ni ó tó sọ ọ́ fún aráyé. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ṣì lọ sí Wembley láti ṣe iṣẹ́ rédíò rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù náà ni ó kú, ẹni ọdún 51. Stephanie, ìyàwó rẹ̀, dá owó ìrànlọ́wọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ fún ìwádìí lórí àrùn náà. Ní ọdún 2007, a gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ níwájú pápá Wembley. Ní ọdún 2008, West Ham pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní wọ nọ́ńbà 6 mọ́, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìgbésí-ayé ọkùnrin yìí fún gbogbo ọ̀dọ́. Ohun tí Ẹlẹ́dàá kò fún un ní ẹsẹ̀, ó fi ọpọlọ wá a. Ìyà jẹ ẹ́, kò ké. Wọ́n bà á lórúkọ jẹ́, ìwà rẹ̀ ni ó fi dá wọn lóhùn. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.