Laennec, Dókítà tí ó Fetí sí Àyà Aláìsàn

Ẹni tí ó bá ti dé ilé-ìwòsàn rí yóò mọ ohun èlò kan tí dókítà máa ń fi kọ́ ọrùn. Dókítà á ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ etí, á sì gbé ìdí rẹ̀ lé àyà aláìsàn. Á ní kí aláìsàn mí kanlẹ̀. Orúkọ ohun èlò yìí ní èdè Faransé ni stéthoscope. Ìtàn ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é ni a fẹ́ kà. Orúkọ rẹ̀ ni René Laennec.

Ìgbà èwe rẹ̀

A bí Laennec ní ọjọ́ 17, oṣù kejì, ọdún 1781, ní ìlú Quimper. Ìlú náà wà ní Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará Bretagne ní èdè tiwọn, tí ó yàtọ̀ sí èdè Faransé.

Amòfin ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Laennec jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ìyá rẹ̀ kú. Bàbá kò lè dá tọ́ àwọn ọmọ náà. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Nígbà tí ó yá, wọ́n dé ọ̀dọ̀ Guillaume, àbúrò bàbá wọn, ní ìlú Nantes. Ìlú èbúté ni Nantes. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń wá kó ẹrú ní etíkun Afíríkà ti ń gbéra láyé ìgbà náà.

Dókítà ni Guillaume. Ó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ náà hàn án. Ọmọ ọdún 14 péré ni Laennec nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iṣẹ́ ìwòsàn, ní ọdún 1795.

Ó lọ sí Paris

Ní ọdún 1801, Laennec lọ sí Paris, olú-ìlú Faransé. Ó di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Corvisart, dókítà ńlá tí ó ń tọ́jú Napoléon. Corvisart a máa fi ìka kan àyà aláìsàn, á sì fetí sí ìró rẹ̀. Bí a ti ń kan àgbá láti mọ̀ bóyá omi kún inú rẹ̀ tàbí kò kún, bẹ́ẹ̀ ni. Auenbrugger, dókítà kan ní ilẹ̀ Austria, ni ó ti kọ ìwé nípa ọ̀nà yìí ní ọdún 1761. Laennec kọ́ ọ dáadáa. Ní ọdún 1804, òun náà di dókítà.

Ara Laennec kò le. Ó kúrú, ó sì tín-ín-rín. Nígbà mìíràn, èémí rẹ̀ a máa há. Ikọ́ ife, tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Paris nígbà náà. Ní ọdún 1810, ó pa àbúrò rẹ̀. Ní ọdún 1816, ó pa Bayle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí òun náà jẹ́ dókítà.

Ní ọdún 1814, ogun mú kí àwọn ọmọ ogun tí ó ń ṣàìsàn pọ̀ ní Paris. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Bretagne tí kò gbọ́ Faransé. Ta ni wọn yóò sọ ibi tí ó ń dùn wọ́n fún? Laennec gbà láti tọ́jú wọn. Ó ti kọ́ èdè Bretagne, ó sì ń fi èdè wọn bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìwé tí ó ká

Ní ọdún 1816, wọ́n fi Laennec ṣe dókítà ní ilé-ìwòsàn Necker ní Paris. Ní ọdún yìí kan náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó jọ pé àìsàn ọkàn ni ó ń ṣe é. Ọmọbìnrin náà sanra. Laennec fi ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ó fi ìka kàn án, kò rí ohun kan dì mú. Ọ̀nà kan tí ó kù ni kí ó gbé etí lé àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bójú mu kí ọkùnrin gbé orí lé àyà ọ̀dọ́mọbìnrin.

Laennec ronú. Ó rántí ohun kan nípa igi gígùn. Bí o bá fi etí lé ìdí ìtì igi níhìn-ín, tí ẹlòmíràn sì fi abẹ́rẹ́ ha orí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìwọ yóò gbọ́ ọ ketekete. Igi ni ó gbé ìró náà wá. Ó mú ìwé, ó ká a bí ẹní, ó ká a le dáadáa. Ó gbé orí kan lé àyà ọmọbìnrin náà, ó fi etí lé orí kejì. Ẹnu yà á, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ń gbọ́ bí ọkàn ti ń lù, ju bí ó ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó bá fi etí lásán lé àyà ènìyàn.

Lẹ́yìn náà, ó fi igi gbẹ́ ọ̀pá kan tí ó ní ihò láàárín. Gígùn rẹ̀ tó 30 sẹ̀ntímítà. Ó dà bí fèrè. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbẹ́ wọn.

Ohun tí àyà ń sọ

Kí á gbọ́ ìró, ìyẹn kò tó. Kí ni ìtumọ̀ ìró náà? Iṣẹ́ tí Laennec ṣe fún ọdún mẹ́ta nìyí. Ó ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Ó ń gbọ́ àyà aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Bí aláìsàn bá kú, a la òkú rẹ̀, Laennec á wo ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ni ohun tí àwọn alápatà ń pè ní fùkùfùkù. Ó ń fi ohun tí ojú rí wé ohun tí etí ti gbọ́.

Ẹni tí òtútù àyà ń ṣe, ìró kan wà nínú àyà rẹ̀ bí iyọ̀ tí a dà sínú ìkòkò gbígbóná, tí ó ń ta pàrà-pàrà. Ẹni tí omi bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bí ó bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a máa gbọ̀n bí igbe ewúrẹ́ nínú ọ̀pá náà. Ẹni tí ikọ́ ife bá ti dá ihò sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ohùn rẹ̀ a máa jáde láti inú àyà tààrà sí etí dókítà. Ẹni tí àìsàn bá bá ọkàn rẹ̀ jà, nígbà mìíràn ìró rẹ̀ a máa fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ.

Ṣáájú ìgbà yìí, ó ṣòro láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn àìsàn wọ̀nyí. Gbogbo wọn ń mú ni wúkọ́, gbogbo wọn ń há ni ní èémí. Laennec jẹ́ kí á lè mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí aláìsàn ṣì wà láàyè. Ní ọdún 1819, ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá, apá méjì.

Kò mọ ohun gbogbo. Ó ṣì í nípa ohun tí ó ń fa ìró kejì nínú lílù ọkàn. Ó rò pé ìbànújẹ́ wà lára ohun tí ó ń fa ikọ́ ife. Kò mọ̀ pé kòkòrò kékeré tí ojú kò lè rí ni ó ń fà á, àti pé ó ń ran ènìyàn.

Ikú rẹ̀

Iṣẹ́ náà tán Laennec lókun. Ní ọdún 1819, ó padà sí Bretagne láti sinmi ní oko rẹ̀ ní Kerlouarnec. Ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó sì padà sí Paris ní ọdún 1821. Ó di olùkọ́ àgbà. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1824, ó gbé opó kan níyàwó.

Ní ọdún 1826, ibà àti ikọ́ dá a dùbúlẹ̀. Mériadec, ẹbí rẹ̀ tí òun náà jẹ́ dókítà, gbé ọ̀pá igi náà lé àyà rẹ̀. Ìró tí Laennec ti kọ́ gbogbo ayé láti mọ̀ ni Mériadec gbọ́. Ikọ́ ife ni. Wọ́n gbé Laennec padà sí Kerlouarnec. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, ọdún 1826. Ọmọ ọdún 45 ni.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ní ọdún 1882, Koch, ará Jámánì, rí kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ ife. Ní ọdún 1921, àwọn ará Faransé méjì, Calmette àti Guérin, rí abẹ́rẹ́ BCG tí a ń gún àwọn ọmọ tuntun. Láti nǹkan bí ọdún 1944 ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí rí oògùn tí ó ń pa kòkòrò náà. Laennec mọ àìsàn náà, ṣùgbọ́n kò sí oògùn rẹ̀ ní ayé rẹ̀. Ní ayé tiwa, oògùn wà. Oṣù mẹ́fà ni a sábà máa ń lò ó, láìfi ọjọ́ kan jẹ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ó má jókòó sílé. Ẹni tí ó bá ń wú itọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ó ń rù, tí ó ń làágùn lóru, kí ó tètè lọ sí ilé-ìwòsàn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àbámọ̀ ni ó ń gbẹ̀yìn ẹni tí ó fi àìsàn pamọ́. Bí dókítà bá sì gbé stéthoscope lé àyà rẹ, mí kanlẹ̀, kí ó lè gbọ́ ohun tí àyà rẹ ń sọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí Laennec kò fi gbé etí lé àyà ọ̀dọ́mọbìnrin náà?
2. Báwo ni Laennec ṣe mọ ìtumọ̀ àwọn ìró tí ó gbọ́?
3. Kí ni ìdí tí ó fi dára kí dókítà gbọ́ èdè aláìsàn?
4. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ènìyàn lè wúkọ́ kí ó tó lọ sí ilé-ìwòsàn?