Olùkọ́ Tó Kó Àwọn Olùkọ́ Jọ: Ìrántí Rev. I. O. Ransome-Kuti

Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, nílé lóko àti lẹ́yìn odi, èmi olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ yín ni.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì jáde láyé nílùú wa. Gbogbo gúrúùpù WhatsApp wa kún fún àwòrán àbẹ́là. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè ọdún tí bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti kọ́ni, kò sẹ́ni tó lè dáhùn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí bàbá kọ́ ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn olùkọ́ mìíràn fún yín, ẹni tí ìtàn tiẹ̀ ò sọnù.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Israel Oludotun Ransome-Kuti. 30 oṣù kẹrin ọdún 1891 ni wọ́n bí wọn, bàbá wọn sì jẹ́ àlùfáà tí orin kíkọ sọ di olókìkí. Nígbà tí wọ́n dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, orúkọ wọn ló kọ́kọ́ wọ ìwé níbẹ̀. Wọ́n lọ sí Fourah Bay College ní Sàró, wọ́n gboyè jáde ní 1916, wọ́n sì fi bí ọdún méjì kọ́ni ní CMS Grammar School l'Ékòó.

Ibi tó kàn wá nìyí. Ní 1918, wọ́n di ọ̀gá àgbà Ijebu Ode Grammar School. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ìjẹ̀bú-Òde ò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ rárá. Ilé-ìwé yẹn ò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Wọ́n lo ọdún 14 níbẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ Boy Scout sílẹ̀ fáwọn ọmọ, wọ́n gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó ní 1925, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti bí Olikoye, tó padà di mínísítà ètò ìlera.

Láyé ìgbà yẹn, olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ kì í gba owó tó olùkọ́ ìjọba, oníkálukú ló sì ń dá ẹ̀dùn ọkàn tiẹ̀ gbé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn olùkọ́ Èkó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1925. Ní 1926, àwọn ọ̀gá ilé-ìwé Ìjẹ̀bú náà dá tiwọn, Ransome-Kuti sì ni olórí wọn. Ní oṣù keje ọdún 1931, ẹgbẹ́ méjèèjì para pọ̀, ibẹ̀ ni NUT ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo máàpù o jàre: Èkó lápá kan, Ìjẹ̀bú lápá kejì, àwa la wà láàárín. Bàbá yìí ni ààrẹ NUT àkọ́kọ́, wọn ò sì gbé e sílẹ̀ títí di 1954.

Ní 1932, wọ́n padà sí Abeokuta Grammar School gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Dáódù làwọn ọmọ ń pè wọ́n. Wọn ò fi pàṣán ṣeré o! Síbẹ̀, àwọn ọmọ fẹ́ràn wọn. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó kàwé níbẹ̀ lábẹ́ wọn. Nígbà tí ìyàwó wọn kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jáde nítorí owó orí, ẹ̀yìn ìyàwó ni wọ́n wà.

Èmi tí mò ń kọ èyí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, mo sì jẹ bàbá yìí ní gbèsè. Ní 1943, wọ́n wà lára ìgbìmọ̀ Elliot tó wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà ni wọ́n dá University College Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948.

Bàbá fẹ̀yìn tì ní 1954. Wọn ò gbádùn ìsinmi náà pẹ́: àìsàn jẹjẹrẹ mú wọn lọ ní 6 oṣù kẹrin ọdún 1955. Ó ku ọjọ́ 24 péré kí wọ́n pé ẹni ọdún 64.

Ó lé ní 70 ọdún báyìí, a ṣì lè ka ọdún iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan torí pé àwọn èèyàn kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tiwa ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ ìlú, kí oṣù yìí tó parí, kí kálukú fi orúkọ olùkọ́ kan tó kọ́ ọ, ilé-ìwé náà àti ọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó fohùn ránṣẹ́, àwa á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí olùkọ́ náà bá ṣì wà láyé, ẹ lọ kí wọn, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè lẹ́nu ara wọn. Ká má dúró dìgbà tí àbẹ́là bá tún kún orí fóònù.