Olóòtú Tó Ń Kọ Lẹ́tà sí Ara Rẹ̀: I. B. Thomas àti Sẹ̀gilọlá

Bí wọ́n bá bi wá ní kíláàsì pé ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá wo ló kọ́kọ́ jáde, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò nawọ́ sókè láì ronú: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, D. O. Fágúnwà, 1938. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí Àkàrà-ògùn tó dé ọwọ́ òǹkàwé, ìwé kan ti jáde ní Èkó tí kò ní iwin tàbí ẹbọra kankan nínú. Obìnrin kan ló ń ròyìn ayé ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ọkùnrin ló sì kọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà, Isaac Babalọlá Thomas, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Oníṣẹ́ ìwé ìròyìn ni Thomas, ní ìgbà tí ìwé ìròyìn Yorùbá ń hù ní Èkó bí olú. Adéoyè Dénígà gbé Èkó Àkéte jáde ní 1922. E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ẹlẹ́tì Ọfẹ ní 1923. D. A. Ọbasá bẹ̀rẹ̀ Yoruba News ní Ìbàdàn ní 1924. Ní 1928, Thomas dá Akéde Èkó tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní abala Yorùbá, ó ní abala Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ni ín náà ni olóòtú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé kà kò pọ̀, ìwé ìròyìn tó ń wá owó wọn sì pọ̀. Olóòtú tí kò bá ní ohun tí ọmọ Èkó yóò máa dúró dè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kógbá sílé.

Ẹ jẹ́ ká wo Èkó tí ó ń kọ̀wé fún. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1924. Ní 1928, ọdún tí Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìjọba gbé Lagos Executive Development Board kalẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ilẹ̀ Yábàá tí à ń tẹ̀ lọ sí kíláàsì lónìí wà lára ibi tí wọ́n pín fún àwọn ará Erékùṣù pé kí wọ́n wá máa gbé. Ìlú ìmọ́tótó ni wọ́n fẹ́: gọ́tà mímọ́, òpópónà títọ́, ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá.

Ìwà náà gbọ́dọ̀ mọ́, ó kéré tán lójú ayé. Òfin ìgbéyàwó 1884 ti sọ pé ẹni tó bá gbéyàwó lọ́nà ti ìjọba kò gbọdọ̀ fẹ́ aya kejì. Àwọn ọ̀làjú Èkó wọ kóòtù, wọ́n gbé òrùka, wọ́n jókòó ní ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ní ìyàwó mìíràn ní ìta, tí wọ́n ń bọ́, tí wọ́n sì ń bímọ fún wọn. Gbogbo àdúgbò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta. Ní 1917, ọ̀rọ̀ aya púpọ̀ ya ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sí méjì, ìyẹn ló bí ìjọ tí a ń pè ní Ẹlẹ́jà. Nítorí náà, nígbà tí Thomas jókòó láti kọ ìtàn rẹ̀, ìlú kan ló wà níwájú rẹ̀ tí ojú ń pọ́n láti gbọ́ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ.

Ní 1929, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin kan tó ti darúgbó, tí àìsàn àti òṣì ti dá wó, ló ń kọ̀wé sí olóòtú. Ó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe aṣẹ́wó, ó ti tan ọkùnrin púpọ̀ jẹ, ó wá ń fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin fi òun kọ́gbọ́n kí òun tó kú. Lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí wọ 1930, ó ń sọ díẹ̀díẹ̀. Yóò sunkún, yóò ka ẹsẹ Bíbélì, yóò kọ orin ìjọ, yóò bẹ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà yóò padà sí ibi tó dá ìtàn dúró sí. Ó máa ń rántí orin ìgboro tó lókìkí nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń sọ bí Èkó ṣe rí láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan orúkọ àwọn ọkùnrin rẹ̀, yóò fi nǹkan bò ó. Yóò ṣí i díẹ̀, yóò tún dé e padà.

Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè ní ilé kan ní Èkó, lẹ́tà wọn nípa rẹ̀ sì ń dé ọ́fíìsì. Thomas kò já irọ́ náà. Ó ń bá ìyá arúgbó náà lò nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ bí ẹni pé olùkọ̀wé gidi ni. Olóòtú ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní 1930 kan náà, ìtàn náà di ìwé. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó ló gbé e jáde, ilé àwọn ìjọ Áńgílíkà, ilé kan náà tí Fágúnwà yóò gbà kọjá ní 1938. Ẹ má rò pé ẹnu yà mí. Àlùfáà tó bá ra ìwé náà lè fi ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ wàásù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá rà á mọ ohun tó ń wá. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì rà.

Thomas kò dúró lórí Sẹ̀gilọlá nìkan. Ó rin ìrìn àjò káàkiri, ó sì ń ròyìn ohun tó rí fún àwọn òǹkàwé rẹ̀. Ó kọ ìwé ìtàn ìgbésí ayé Herbert Macaulay pẹ̀lú. Akíntàn náà sọ ìtàn inú ìwé ìròyìn tirẹ̀ di ìwé ní 1931, Ìgbẹ̀yìn Á Dùn tàbí Ọmọ Òrukàn, ìtàn ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ni orúkọ tó kù mọ́ Thomas lára. Ní 2012, Karin Barber tún ìwé náà gbé jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Nínú ọkọ̀ láti Mùṣín sí Akọka ni mo ti ka ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Àkọtọ́ ni mo ní mo ń wò: "aiye" tí a ń kọ ní "ayé" láti 1974, àti ibi tí wọ́n ti so ọ̀rọ̀ pọ̀ tàbí tí wọ́n já a. Ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́. Ní ojú ìwé bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo ti ń fo ẹkún rẹ̀. Mo ń fo ẹsẹ Bíbélì, mo ń wá ibi tí ọkùnrin tó kàn yóò ti wọlé. Ìgbà tí mo rí ara mi níbẹ̀ ni mo mọ̀ pé Thomas ti rí mi kí ìyá mi tó bí mi.

Mo padà sẹ́yìn, mo ka ẹkún náà. Ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi. Sẹ̀gilọlá nìkan ló jẹ̀bi, Sẹ̀gilọlá nìkan ló ń jẹrà. Àwọn ọkùnrin tó ń sanwó fún un wà lábẹ́ àpótí orúkọ tí a kò ṣí, wọ́n lè wà lórí ìjókòó iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó fi ohùn obìnrin náà pa owó fún ìwé ìròyìn, ọkùnrin ni. Ẹkún náà ni ìwé àṣẹ tí gbogbo wọn fi wọlé.

Àwọn tó tẹ̀ lé e kò sunkún mọ́. Lagos Weekend ti ilé iṣẹ́ Daily Times ta òfófó láì wàásù. Ikebe Super, tí Wálé Adénúgà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa níbí, dá sílẹ̀ ní 1976, fi ẹ̀rín rọ́pò ẹkún. Lónìí, ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ yóò jẹ́wọ́ lórí fóònù, àwa yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run á dárí jì í, kí a tó bèèrè bóyá apá kejì ti jáde.

Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí a máa ka Thomas ní ẹ̀ka wa, ṣáájú Fágúnwà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kí ó má fo ẹkún náà.